Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É àti Kòkòrò Tí Kò Fẹ́ Dàgbà

Bí òjò bá rọ̀ dáadáa ní iléeṣẹ́ ìwádìí àgbàdo, tí oko mumi yó, ọ̀gá àgbà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tún táì rẹ̀ ṣe, á wo ojú ọ̀run bíi pé wọ́n jọ ṣèpàdé láàárọ̀, á sì sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé òun ti mọ̀ pé á rọ̀. Bí òjò náà bá wó igi lu òrùlé, ẹ ò ní rí i lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á ní ó lọ sípàdé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ohun tó bá ti dára, òun ló ṣe é. Wọ́n kun géètì lọ́dà, òun ló ṣe é. Akọ̀wé rẹ̀ bí ìbejì, ó dìde láàárín gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní ìsinmi tí òun fún obìnrin náà ló so èso. Ọkọ obìnrin náà wà níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É.

Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú o. Lójú, Ọ̀pómúléró Ìmọ̀ ni, Erin-Tí-Ń-Kàwé ni, Òkè-Ńlá-Tí-Gbogbo-Òkè-Ń-Kí ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àwọn oríkì náà, ó ní kí wọ́n tẹ̀ wọ́n sára ike, ó sì kàn wọ́n mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, débi pé àlejò tó bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn a máa wá ibi tí yóò kàn.

Ọ̀gá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ kò tíì gbọ́. Lóòrèkóòrè ni yóò ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀ ọ́fíìsì, tí yóò fi ìka ara rẹ̀ kun irun náà ní dáì, nítorí kò fẹ́ kí onígbàjámọ̀ kankan mọ àṣírí. Gbogbo ayé mọ̀. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Irun náà dúdú débi pé bí ó bá ń bọ̀ lókèèrè, ẹ máa rò pé ó ru ìkòkò. Orí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ojú rẹ̀ jẹ́ baba ọgọ́ta, ọrùn tó gbé méjèèjì dúró kò mọ ẹni tí ì bá gbọ́ tirẹ̀. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti dé lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní wọ́n ṣi ọjọ́ orí òun kọ.

Ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, yàrá kan wà tó gbóná bí inú ààrò, tó ń rùn bí ewé tútù. Yàrá kòkòrò nìyẹn, ibẹ̀ sì ni Ìyá Kòkòrò ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, inú kì í sì í bí i, nítorí òótọ́ ni: kòkòrò tó ti tọ́ ju ọmọ tí gbogbo àdúgbò rẹ̀ tọ́ lọ. Láàárọ̀, á gé ewé àgbàdo, á fọ̀ ọ́, á nù ún gbẹ, á pín in fún àwọn kòkòrò ajàgbàdo inú àgò aláwọ̀n. Á fi ìyẹ́ adìyẹ gbá ìgbẹ́ wọn. Á wá fi ẹ̀mú ṣa èèpo orí tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí orí abẹ́rẹ́, á kó wọn sínú páálí ìṣáná. Bí èèpo bá ṣe tóbi tó ló fi ń mọ iye ìgbà tí kòkòrò ti pààrọ̀ awọ. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, máa ń ṣàròyé pé ìyàwó òun mọ iye ìgbà tí kòkòrò pààrọ̀ aṣọ, kò sì mọ iye ọjọ́ tí òun ti wọ ṣòkòtò kan.

Ohun kan tún wà. Kòkòrò wọ̀nyí a máa jẹ bébà. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n jẹ gbogbo bébà tó kọ ọjọ́ sí, wọ́n sì jẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, bébà tó ń lẹ̀ síwájú àgò, àlejò ló ń lẹ̀ ẹ́ fún. Fún ara rẹ̀, kó tó kó kòkòrò sínú àgò, á dojú àgò dé, á fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ìdí èyí tó bá fẹ́ lo oògùn nínú rẹ̀, á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń bèèrè nílé láti ọdún méjì pé ta ló ń lo kútẹ́ẹ̀sì òun.

Oògùn wo? Oògùn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni, ọdún méjì gbáko ló sì gbà á.

Kòkòrò ajàgbàdo kò ní egungun. Awọ rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀, awọ náà kò sì lè fẹ̀ títí. Bí ó bá jẹun tí awọ fún un, àfi kó bọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń bọ́ ọ. Omi kan wà lára rẹ̀ tó ń sọ fún un ní gbogbo àkókò yẹn pé ọmọdé ṣì ni, kó máa jẹun lọ. Lọ́jọ́ tí omi náà bá gbẹ, kòkòrò á mọ̀ pé òun ti tó àgbà. Á wọ inú erùpẹ̀, á fi awọ líle bo ara, á sùn fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, á sì jáde bí àfòpiná oníyẹ̀ẹ́ tó lè fò lọ yé ẹyin sóko ẹlòmíràn.

Oògùn Ìyá Kòkòrò jọ omi yẹn. Kòkòrò tó bá jẹ ẹ́ kì í gbọ́ pé òun ti dàgbà. Á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kẹfà, á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò ní sùn, kò ní hu ìyẹ́, kò ní yé ẹyin kan ṣoṣo. Nígbà tó bá yá, á há sínú awọ ara rẹ̀, á kú síbẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà ṣàlàyé rẹ̀ nílé, ọkọ rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Ìyẹn ni pé ọmọ tó kọ̀ tí kò bọ́ yunifọ́ọ̀mù, títí yunifọ́ọ̀mù fi pa á.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “A ní ẹnì kan tó ń ṣe é lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ wa.”

Ẹ̀rín lásán kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà fún un. Àgbẹ̀ àgbàdo ni bàbá rẹ̀. Láyé ọjọ́un, oògùn líle ni wọ́n fi ń pa kòkòrò, irú èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń dá padà sójú ẹni tó fọ́n ọn. Ojú ọ̀tún bàbá ló kọ́kọ́ lọ, tòsì sì tẹ̀lé e. Ìyá Kòkòrò ti ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tí ìwé oògùn tí kì í fọ́ni lójú bá jáde, òun á wá ka orúkọ òun lórí rẹ̀ sí i létí. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá nìyẹn. Kò wá oyè, kò wá ọ́fíìsì. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló fẹ́.

Ó kọ ìwé àbọ̀ náà, ojú ewé méjìlá, ó gbé e fún ọ̀gá kó buwọ́ lù ú. Ọ̀gá wa kì í kọjá ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé kankan, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ máa ń wà. Nígbà tí ìwé náà padà dé, orúkọ Ìyá Kòkòrò ti kúrò níwájú, kò sí lẹ́yìn, kò sí lágbedeméjì. Oògùn ti gba orúkọ tuntun, Oògùn Ọ̀pómúléró. Orúkọ ọ̀gá sì jókòó sókè gàdàgbà.

Kò pẹ́ tó fi kéde ìpàtẹ láti fi oògùn náà han ayé. Àwọn àgbẹ̀ yóò wá, Alábẹ̀wò yóò wá láti olú iléeṣẹ́ ọ̀gbìn, obìnrin kan báyìí tí ó jẹ́ pé òun ló ń sọ oògùn tí àgbẹ̀ lè lò àti èyí tí kò gbọdọ̀ kan oko. Ọ̀gá wa ti ro ó dáadáa: bí oògùn náà bá yege lórúkọ òun, ta ló máa gbójúgbóyà fi ìwé ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta?

Ìyá Kòkòrò náà ti ro tirẹ̀. Ó ka ọjọ́ sẹ́yìn, ó ka ọjọ́ síwájú, ó kó kòkòrò ọgbọ̀n sínú àgò tó fi oògùn sí, ọgbọ̀n sínú èyí tí kò fi sí. Ó ṣe é kó jẹ́ pé lọ́jọ́ ìpàtẹ gan-an, àwọn tí kò jẹ oògùn á jáde bí àfòpiná, àwọn tó jẹ oògùn á ṣì máa fàyà fà. Ẹni tó bá ní ojú á rí ìyàtọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ wà ní ojú ewé kẹrin ìwé àbọ̀ náà, níbi tí ọ̀gá kò ṣí dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàtẹ, nígbà tí obìnrin náà lọ jẹun, ọ̀gá wa wọ yàrá kòkòrò. Oṣù méje sẹ́yìn ló débẹ̀ gbẹ̀yìn, torí ooru ibẹ̀ máa ń mú kí dáì rẹ̀ rìn wá sí etí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun irun tán nítorí fọ́tò ọ̀la, ìka rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ wo àgò tí wọ́n kọ “A FI OÒGÙN SÍ I” síwájú rẹ̀. Kòkòrò ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sanra bí ìka ọmọńdinrín rẹ̀, wọ́n ń jẹ ewé débi pé ó ń gbọ́ ìró ẹnu wọn. Ó yíjú sí àgò kejì, “A Ò FI OÒGÙN SÍ I.” Kò rí kòkòrò kankan. Erùpẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ewé tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn.

Kí ni kí èèyàn pàtàkì rò? Ó rò pé oògùn ti di oúnjẹ. Àwọn tó jẹ ẹ́ ń yọ ikùn, àwọn tí kò jẹ ẹ́ ló kú tán. Bí Alábẹ̀wò bá rí èyí lọ́la, ìwé ìfẹ̀yìntì á bá a nínú gbọ̀ngàn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá pe ẹni tó ń tọ́jú wọn, kó bèèrè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá bèèrè, ó ti jẹ́wọ́ pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Ọ̀gá wa ṣí bébà méjèèjì, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó gbé ti òsì sí ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n kí gọ́ọ̀mù lè mú. Ó fa aṣọ àrán dúdú bo àgò méjèèjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i. Baba Agbálẹ̀ ń nu gíláàsì fèrèsé láti ìta. Kò mọ ohun tí bébà náà ń sọ. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ọ̀gá ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì rọra rò ó pé bóyá ayé ti fẹ́ parẹ́.

Nígbà tí Ìyá Kòkòrò padà dé, ilẹ̀kùn ti tì, òórùn dáì sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ, ó wá ibi tí oríkì kò bò lára ilẹ̀kùn, ó kan án. Ọ̀gá dúró níwájú dígí, ó ń fi ẹ̀rín dánra wò.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ yàrá kòkòrò.”

“Ó wà lọ́wọ́ tó yẹ kó wà.”

Obìnrin náà ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá mọ̀ o, àwọn kan wà nínú erùpẹ̀.

“Ẹni tó bá ti wọ inú erùpẹ̀ ti kú. Ṣé èyí náà ṣòro?”

“Ọ̀gá, lọ́la ni wọ́n máa jáde.”

“Lọ́la, èmi ni mo máa jáde.” Ó wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nínú dígí. “Ìwọ bọ́ kòkòrò, o ṣeun. Ẹni tó ń bọ́ kòkòrò àti ẹni tó mọ kòkòrò, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.”

Ó yẹ kí obìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì ti wà lọ́fun rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó bèèrè ìdí tí orúkọ òun kò fi sí lórí ìwé oògùn. Ọ̀gá kò bínú. Ó tilẹ̀ fi sùúrù dá a lóhùn, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ilé ìwé.

“Orúkọ mi gùn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán pẹ̀lú àwọn oyè, àyè wo ló kù lórí bébà?”

Ìyá Kòkòrò jáde. Nílé, ìgbà tí ọkọ rẹ̀ pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì ló tó sọ ohun tó ń bí i nínú fún un. Lẹ́yìn náà ló sunkún díẹ̀. Ó nu ojú, ó ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́la náà ni.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni gbọ̀ngàn kún. Àwọn àgbẹ̀ tó àádọ́ta, Olórí Àgbẹ̀ sì jókòó síwájú wọn, àgbàlagbà kan tó fi ọ̀pá ti àgbọ̀n. Alábẹ̀wò jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò. Onífọ́tò gbé iná ńlá méjì kalẹ̀. Ó fẹ́ dojú wọn kọ àgò, ọ̀gá ní rárá, kó dojú wọn kọ òun, kòkòrò ò nílò iná. Wọ́n ti gbé àgò méjèèjì wá sórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ àrán dúdú tó mú kí inú wọn ṣókùnkùn biribiri láti àná. Bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ni àfòpiná máa ń dúró dè kó tó jáde.

Ìyá Kòkòrò jókòó sí ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba Agbálẹ̀, pẹ̀lú àpò ọwọ́ rẹ̀ lórí itan.

Ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó sọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó sọ bí òun ṣe dojú kọ kòkòrò náà, tí kòkòrò wo òun, tí òun wo kòkòrò, tí kòkòrò kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fa àrán àkọ́kọ́ láìyí ẹ̀yìn padà, nítorí kámẹ́rà wà níwájú.

“Èyí ni àwọn tí a ò fún ní oògùn mi. Ẹ wo ìparun.”

Gbọ̀ngàn hó. Kòkòrò ńláńlá, tó dán, tó sanra, ń rìn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ewé. Olórí Àgbẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò rí irú kòkòrò ajàgbàdo tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá fi orí dá a lóhùn pé òun náà mọ̀. Ìyá Kòkòrò nìkan ló dìde dúró ní ìlà ẹ̀yìn. Ó mọ àwọn kòkòrò yẹn. Ó mọ wọn bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ ilé ìwé. Ó ka bébà iwájú àgò náà: “A Ò FI OÒGÙN SÍ I.”

“Ẹ wá wo èyí,” ni ọ̀gá wí, ó sì fa àrán kejì. “Wọ́n jẹ Oògùn Ọ̀pómúléró. Kò ku ẹyọ kan. Kò sí èyí tó lè mira.”

Lẹ́yìn rẹ̀, àfòpiná ọgbọ̀n ń fò sókè sódò nínú àgò.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ó gba àárín, ó dé ọ̀tún. Ọ̀gá wa rò pé ayọ̀ ni, ó sì rẹ́rìn-ín sí wọn padà. Ó ní òun mọ̀ pé inú wọn á dùn. Ó ní ikú tó mọ́ tónítóní nìyẹn, kò sí ariwo, kò sí òórùn.

Olórí Àgbẹ̀ na ọ̀pá rẹ̀ sókè. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ o. Àwọn tó kú yẹn, ṣé ẹ̀mí wọn là ń rí tó ń fò yìí?”

Ọ̀gá kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn àgò kí gbogbo ayé lè rí i pé ó ṣófo. Àwọn àgbà ní àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Lọ́jọ́ yẹn, fìtílà ni ẹ̀tẹ́ bá. Iná méjèèjì dojú kọ ọ̀gá, àfòpiná sì mọ ọ̀nà iná. Wọ́n bà sí iwájú orí rẹ̀, wọ́n bà sí táì, wọ́n wọ inú irun tí òróró dáì ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n há síbẹ̀, wọ́n ń gbọn ìyẹ́. Onífọ́tò ò dúró. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n pe òun fún nìyẹn.

Alábẹ̀wò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ilà kan gba àárín ojú ewé tó wà níwájú rẹ̀. “Oògùn yín ò ṣiṣẹ́,” ni ó wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Kòkòrò lára ju ẹ̀rín lọ. Ọdún méjì rẹ̀ ni ilà bírò kan ṣoṣo gba kọjá yẹn. Ojú bàbá rẹ̀ tó fọ́ ló wá sí i lọ́kàn.

Ọ̀gá wa ti ń gbá orí rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kì í tán nígbà tí ẹ̀bi bá dé. Ó na ìka sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

“Èmi kọ́ o. Obìnrin yẹn ni. Òun ló ṣe é.”

Ọdún méjì ni Ìyá Kòkòrò ti ń retí kí ẹnu ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó gba àárín àwọn àga wá síwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Alábẹ̀wò.

“Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, kí màdáàmù lè kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Kí wọ́n kọ ọ́! Oògùn yìí, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mi ò tilẹ̀ wọ yàrá náà. Òun ló ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

“Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀, màdáàmù,” ni Ìyá Kòkòrò wí, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Alábẹ̀wò kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló tó gbé àgò àwọn kòkòrò ńláńlá sókè, ó ní kí Alábẹ̀wò wo ìdí rẹ̀. Àmì kútẹ́ẹ̀sì pupa wà níbẹ̀. Ó gbé àgò àfòpiná sókè, ìdí rẹ̀ mọ́ fónífóní. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ọjọ́ àkọ́kọ́: pupa, oògùn. Ó yọ páálí ìṣáná láti inú àpò ọwọ́, ó da èèpo orí sórí bébà funfun, ó sì na gíláàsì tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sí Alábẹ̀wò. Ó fi èèpo márùn-ún hàn án, èyí tí kòkòrò gbogbo ń bọ́. Ó fi ẹ̀kẹfà hàn án, tó tóbi ju gbogbo wọn lọ, èyí tí kòkòrò kankan kì í bọ́ bí kò bá jẹ oògùn náà.

“Àwọn tó ń fò yìí ni kò jẹ oògùn. Àwọn tó jẹ ẹ́ nìyí, wọ́n ṣì ń fàyà fà, wọn ò ní fò láéláé. Ẹnì kan ló pààrọ̀ bébà.”

Olórí Àgbẹ̀ bèèrè bóyá àwọn tó tóbi yẹn kò ní jẹ oko òun tán kí wọ́n tó kú. Ìyá Kòkòrò ní òun ò ní purọ́ fún wọn: wọ́n á jẹ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tètè lò ó. Ṣùgbọ́n wọn ò ní bímọ, oko tó ń bọ̀ á sinmi, kò sì ní fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Olórí Àgbẹ̀ ní èyí tí kò purọ́ yìí ni òun máa gbà gbọ́.

Alábẹ̀wò ya ojú ewé tó fa ilà sí, ó mú òmíràn. Ó ní irú oògùn yìí, òun ti ń wá a tipẹ́. Àtẹ́wọ́ dún.

Ẹ ò tíì mọ ọ̀gá wa bí ẹ bá rò pé ó dákẹ́. Ìró àtẹ́wọ́ kọ́ ló lè kọjá létí rẹ̀ lásán. Ó ti àfòpiná méjì kúrò létí, ó sún mọ́ máìkù, ó fa táì.

“Ní ti òdodo ọ̀rọ̀,” ni ó wí, “èmi ni mo ṣe é.”

Nígbà náà gan-an ni Alábẹ̀wò ṣí bébà kan kúrò lára àgò, ó gbé e sí iwájú iná. Àmì àtàǹpàkò dúdú kan wà ní igun rẹ̀, òmíràn wà ní igun kejì, ó hàn ketekete. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó wo irun ọ̀gá. Ọ̀gá ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

“Bébà yìí,” ni Alábẹ̀wò wí. “Ta ló ṣe èyí?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tí wọ́n ti fi í jọ̀gá, wọ́n bèèrè ẹni tó ṣe nǹkan, kò sì dáhùn. Baba Agbálẹ̀ ló dìde ní ẹ̀yìn, ó yọ fìlà.

“Màdáàmù, ẹ má bínú. Ọ̀gá ti dáhùn ṣáájú kẹ́ ẹ tó bèèrè. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n ṣe é. Èmi náà rí wọn láti ojú fèrèsé.”

Ẹ̀rín tó bẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É pè é lójú, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀gá wa gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, pẹ̀lú àfòpiná mẹ́rin lórí àti dáì tó ń ṣàn wá sí kọ́là.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé oògùn jáde. Ìyá Kòkòrò gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀, ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó ka orúkọ ara rẹ̀ sí i létí. Bàbá ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ohùn rẹ̀ sì fẹ́ dá mọ́ ọn lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe lè sọ lọ. Bàbá gba ìwé náà, ó fi ìka wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ náà sí, ọmọ rẹ̀ sì mú ìka rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Nígbà tó yá, bàbá bèèrè pé ọ̀gá wọn tí kì í fẹ́ dàgbà ńkọ́.

“Ìwé ìfẹ̀yìntì tún dé. Wọn ò dá a padà mọ́. Mo pàdé wọn lánàá níwájú ilé wọn, irun wọn ti funfun báláú.”

“Ó ti dàgbà nìyẹn.”

“Ó ti dàgbà, Bàbá,” ni Ìyá Kòkòrò wí. “Ọgbọ̀n àfòpiná ló gbà.”